Májèlé Wọ Kànga: Ta Ni Yóò San Owó Gbà-má-bínú?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tàbí ti ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù ní Àkúrẹ́, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí: ṣé ẹ ti fọ́n oògùn koríko rí, owó yín ń bẹ ní Amẹ́ríkà. Ẹlòmíràn á ní ṣebí ìjọba ti fòfin de Gramoxone, kí àwọn tó ti fi ṣiṣẹ́ oko máa lọ gba owó wọn. Ẹlòmíràn á tún dá a lóhùn pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, pé mẹ̀kúnnù kì í bá ilé-iṣẹ́ ńlá ṣẹjọ́ kó jàre. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ irọ́ látòkèdélẹ̀, kò sì sí èyí tó pé.

Tí ẹ ò bá mú nǹkan mìíràn nínú àlàyé yìí, ẹ mú èyí: ẹni tí májèlé ṣe níbi lè ṣàìsàn títí, kó má sì ní ẹjọ́ kankan lọ́wọ́. Ohun tó ń di ẹjọ́ ni ẹ̀rí tó so àìsàn yẹn mọ́ májèlé, tó sì so májèlé mọ́ ẹni tó jẹ́ kó jáde. Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí náà ti ń sá lọ.

Kí ni májèlé níwájú adájọ́?

Kì í ṣe ohun tí ọ̀tá bù sínú ọbẹ̀ nìkan. Ohunkóhun tó bá gba ẹnu, imú tàbí awọ ara wọlé, tó sì ba ẹ̀yà ara jẹ́, ló wọ̀ ọ́. Benzene, kẹ́míkà kan, wà nínú bẹntiróòlù. Òjé wà nínú bátìrì ọkọ̀. Eruku ń jáde níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Àwọn kan ń fọ́n oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà kó má baà jẹ. Gamalin ni àwọn bàbá wa fi tọ́jú kòkó ní Ìdànrè àti Oǹdó, tí àwọn mìíràn sì dà á sódò láti fi pẹja. Èyí tó ń pa lójú ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòro fún kóòtù. Èyí tó ń da kóòtù láàmú ni èyí tó ń lúgọ sínú ara fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, tó jẹ́ pé nígbà tó bá máa fi yọjú, ilé-iṣẹ́ ti kó lọ, dókítà tó kọ́kọ́ rí aláìsàn náà sì ti fẹ̀yìn tì.

Owó gbà-má-bínú ni owó tí ilé ẹjọ́ ní kí ẹni tó ṣe ìpalára san fún ẹni tó fara gbá a. Owó ìtanràn yàtọ̀ sí i; àpò ìjọba nìyẹn ń wọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìjìyà àti gbà-má-bínú ṣe ń rí. Ní 2008, oògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin ní kẹ́míkà diethylene glycol nínú. Kíndìnrín àwọn ọmọ tó lò ó kọṣẹ́, ọmọ 84 ló kú. Ní 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó ní kí òṣìṣẹ́ méjì nílé-iṣẹ́ náà lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún méje. Ẹjọ́ ọ̀daràn nìyẹn: ìjọba ló pè é, ìjọba ló jàre. Ẹ̀wọ̀n tí ẹnì kan lọ kì í san owó ilé ìwòsàn fún ẹlòmíràn. Òbí tó bá ń fẹ́ gbà-má-bínú ní láti pe ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹjọ́ yẹn sì ni à ń sọ níbí.

NAFDAC ti fòfin dè é, ṣé owó ti délẹ̀ nìyẹn?

Rárá o. NAFDAC fòfin de paraquat, èyí tó wà nínú Gramoxone, láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Chlorpyrifos, oògùn kòkòrò, tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, atrazine, oògùn koríko, sì tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ṣáájú wọn, ní 2019, NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta dichlorvos inú ìgò kékeré mọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Sniper. Ìfòfindè ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà láti ọjọ́ báyìí lọ. Kò sọ pé ẹni tó tà á lánàá jẹ yín lówó.

Síbẹ̀, ó wúlò. Ẹni tó bá ṣì ń tà á lẹ́yìn ọjọ́ tí òfin múlẹ̀ kò ní lè sọ fún adájọ́ pé òun ò mọ̀. Nítorí náà, ìgò tí ẹ rà, ọjọ́ tí ẹ rà á àti ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti rà á, ohun ìtọ́jú ni. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú àgbẹ̀ wa ló ń jó ìgò náà tàbí tó ń sọ ọ́ sínú igbó.

Dọ́là Amẹ́ríkà yẹn ńkọ́?

Ẹjọ́ náà wà lóòótọ́. Ní 2018, àwọn ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ní California ní kí ilé-iṣẹ́ Monsanto san $289 mílíọ̀nù fún ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ọgbà ilé-ìwé, tó ní Roundup, oògùn koríko wọn, ló fún òun ní jẹjẹrẹ. Iye yẹn làwọn ènìyàn ń pín kiri lórí fóònù. Ohun tí wọn kì í pín ni pé ilé ẹjọ́ gé e kù, ó sì di $20.5 mílíọ̀nù nígbà tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn parí ọ̀rọ̀ ní 2020. Ọkùnrin yẹn dúró fún ara rẹ̀ ni. Ó mú ìwé dókítà wá, ó sọ bí oògùn ṣe ṣàn sí i lára níbi iṣẹ́, wọ́n sì da ìbéèrè bò ó níwájú gbogbo ayé.

Camp Lejeune náà wà lóòótọ́. Ibùdó ológun ni, ní North Carolina. Kẹ́míkà wà nínú omi ẹ̀rọ wọn láti 1953 dé 1987. Ní 2022, Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí ẹni tó bá gbé ibẹ̀ tàbí tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó ọgbọ̀n ọjọ́, tó sì ti ibẹ̀ kó àìsàn, wá béèrè owó. Ìlẹ̀kùn ìbéèrè náà ti tì ní oṣù Kẹjọ 2024. Àgbẹ̀ Ìdànrè tí kò dé ibẹ̀ rí kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba owó fọ́ọ̀mù tàbí BVN lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀, olè ni.

Ọ̀nà kan wà tí ọmọ Nàìjíríà fi ń pe ẹjọ́ lókè òkun: bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìpalára bá ní gbòǹgbò níbẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Bodo ní Ìpínlẹ̀ Rivers fi gbé Shell lọ sí London, tí àwọn àgbẹ̀ mìíràn láti Niger Delta sì gbé e lọ sí The Hague ní Netherlands. Kì í ṣe ìwé tí ènìyàn ń kún lórí fóònù.

Kí lẹ máa fi hàn kí adájọ́ tó gbọ́ tiyín?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ká sọ pé ìyá kan ní Òkè-Àró ń ta iyán. Kànga inú àgbàlá ló ń lò, ilé epo kan sì wà lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fa omi, ó gbóòórùn bẹntiróòlù, ó sì rí nǹkan tó ń dán bí òṣùmàrè lójú omi nínú korobá. Ẹnu ọmọ rẹ̀ ń ta á, orí ń fọ́ òun náà. Oníbàárà kan tọ́ iyán wò, ó tu ú dà nù. Gbogbo àdúgbò ló mọ ẹni tó jẹ̀bi. Kóòtù kò tíì mọ̀.

Àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òkúta mẹ́ta ni ẹjọ́ yìí náà ń jókòó lé, bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìkòkò dànù.

Òkúta kìn-ín-ní ni pé láti ilé epo yẹn ni bẹntiróòlù ti jáde. Ó dà bíi pé èyí kò nílò ẹ̀rí, àfi tí lọ́yà ilé epo bá dìde. Á béèrè pé ilé epo mélòó ló wà ní òpópónà náà. Á ní àwọn mẹkáníìkì tó wà lókè ń da ọ́ìlì dúdú àti epo sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Á ní ta ló ń kó epo sínú jẹ́ríkánì nílé nígbà ọ̀wọ́n epo. Ohun tó ń fún un lésì ni àyẹ̀wò àwọn táńkì tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ìwé tí NMDPRA, àjọ tó ń mójú tó ilé epo, bá kọ nígbà tí wọ́n wá wò ó, àti omi kànga àwọn aládùúgbò. Tí kànga tó sún mọ́ ilé epo bá burú jù, tí èyí tó jìnnà sí i burú díẹ̀, tí ti òkè pátápátá sì mọ́, àwòrán yẹn á sọ̀rọ̀ ju ìbínú ogún ènìyàn lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bu omi fún àyẹ̀wò, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń kú. Benzene máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá bu omi sínú ìgò ọ̀rá tí ẹ ti mu mínírà inú rẹ̀ tán, tí ẹ kún un dé àárín, tí ẹ gbé e sínú ọkọ̀ nínú oòrùn lọ sí lábù, ohun tí ẹ ń wá ti lè fò lọ kó tó débẹ̀. Ìgò gíláàsì tó mọ́ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á kún un dẹ́nu láìsí àyè fún afẹ́fẹ́, wọ́n á dé e pinpin, wọ́n á gbé e sórí yìnyín. Ó sàn jù kí òṣìṣẹ́ lábù fúnra rẹ̀ wá bù ú, kó kọ ọjọ́, aago àti orúkọ kànga sára ìgò, kí ẹlẹ́rìí méjì sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bù ú fúnra yín, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé: ta ni kò jẹ́ ká gbà pé ẹ̀yin lẹ ro bẹntiróòlù sí i?

Òkúta kejì ni pé ó wọ ara yín, ó sì tó nǹkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé benzene inú omi mímu kò gbọdọ̀ ju miligíráàmù 0.01 lọ nínú lítà kan. Àbájáde lábù tó ní "omi kò dára" láìsí iye kò wúlò tó. Wọ́n á tún béèrè bí ẹ ṣe ń lo omi náà: ṣé ẹ mu ún, àbí omi inú ọ̀rá lẹ ń mu, tó jẹ́ pé ìwẹ̀ àti aṣọ nìkan lẹ fi ti kànga ṣe? Fún oṣù mélòó? Ìwẹ̀ náà kì í ṣe òfo, nítorí benzene ń gba imú wọlé pẹ̀lú omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Òkúta kẹta ló wúwo jù: pé irú májèlé yẹn ń fa irú àìsàn yẹn, àti pé òun ló fa tiyín. Ìbéèrè méjì ni, àwọn ènìyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn gbà láìjiyàn pé benzene lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn dáhùn ìkìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń mú ẹni tí kò gbé nítòsí ilé epo rí, nítorí náà dókítà ní láti sọ ìdí tó fi rò pé omi yìí ló fa ti aláìsàn yìí: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn ṣáájú àti lẹ́yìn, ohun mìíràn tó ti yẹ̀ wò tó sì mú kúrò. Bí ìyá oníyán bá gbé ìtọ̀ ṣúgà wá síwájú adájọ́, tó ní omi ló fà á, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ilé epo kò ní ṣe wàhálà kankan láti tú u ká. Tí ilé ìwòsàn bá kọ "ibà àti ìrora inú" sínú fáìlì nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé kànga ń rùn, fáìlì yẹn gan-an ni wọ́n máa fi ta kò yín.

Kò wá burú tó bẹ́ẹ̀ náà. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé ẹni tó ní nǹkan ṣẹlẹ̀ ni yóò fi í hàn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ gbà-má-bínú kì í béèrè ìdánilójú tí ẹjọ́ ìpànìyàn ń béèrè. Adájọ́ á gbé ẹ̀rí ìhà méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ti ẹni tó bá tẹ̀wọ̀n jù lọ ló borí. Ní Owino Uhuru, àdúgbò kan ní Mombasa ní Kenya, ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì da òjé sí wọn lára. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò, tí òjé hàn nínú rẹ̀, wà lára ohun tó gbé ẹjọ́ wọn dúró. Ní 2020, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n gba 1.3 bílíọ̀nù owó ṣílè Kenya. Àwọn tí ẹjọ́ dá lẹ́bi pe kòtẹ́milọ́rùn, owó náà bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò; ó di oṣù Kejìlá 2024 kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ níbẹ̀ tó dá a padà fún wọn.

Kí ni ẹ máa pe ẹ̀sùn náà?

Àìbìkítà ni èyí tó wọ́pọ̀ jù: onílé epo mọ̀, tàbí ó yẹ kó mọ̀, pé táńkì ń jò, kò sì ṣe ohun tó yẹ. Ẹ̀sùn mìíràn wà tí kò béèrè bóyá ó bìkítà tàbí kò bìkítà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rylands gbẹ́ adágún omi fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀, omi náà ya gba inú ihò àtijọ́ kan, ó kún ibi tí Fletcher ti ń wa èédú. Ní 1868, ilé ẹjọ́ sọ pé ẹni tó bá kó ohun tó léwu wá sórí ilẹ̀ rẹ̀, tó bá sá jáde, òun ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Òfin yìí ti wọlé sí Nàìjíríà láti ọjọ́ pípẹ́. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lò ó fún ìdọ̀tí epo tó ṣàn wọ ilẹ̀ àti odò ẹja nínú ẹjọ́ Umudje àti Shell-BP ní 1975. Lójú tèmi, òun ni ohun ìjà tó dára jù fún ẹni tí kànga rẹ̀ bàjẹ́, nítorí pé ó mú iṣẹ́ kan kúrò lọ́rùn rẹ̀. Òkúta mẹ́ta yẹn ṣì wà níbẹ̀ o.

Tó bá jẹ́ ọjà tí ẹ rà ló ṣe yín, òfin ti 2018 tí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń lò gbé ẹ̀bi ọjà tó lábùkù lé ẹni tó pèsè rẹ̀ lórí. Tó bá sì jẹ́ ìdọ̀tí olóró tí wọ́n dà sílẹ̀, òfin 1988 ń bẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Koko, ìlú kan ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Delta báyìí, ló bí òfin yẹn. Láàárín 1987 sí 1988 ni wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí wá láti Ítálì, tí wọ́n kó o jọ sí àgbàlá ẹnì kan tí wọ́n ń fún ní nǹkan bí $100 lóṣù. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin náà gbé kalẹ̀, ó sì tún ní kí ẹni tó dà á sílẹ̀ san gbà-má-bínú fún ẹni tó bá pa lára.

Ìpalára kan wà tí kò ní ẹni tí a lè pè. Ní Zamfara, ní 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé pa, nítorí pé àwọn òbí wọn ń lọ òkúta wúrà nínú àgbàlá, eruku sì ń bà lé ohun gbogbo. Owó ìtọ́jú ni wọ́n nílò níbẹ̀, kì í ṣe lọ́yà.

Kóòtù wo lẹ máa lọ?

Kóòtù tí kò tọ́ lè jẹ ọdún mẹ́wàá yín. Ní 1988, igi wó lé páìpù Shell kan ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Epo tú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe. Isaiah àti àwọn èèyàn rẹ̀ pe ẹjọ́ ní kóòtù gíga ìpínlẹ̀, wọ́n sì jàre. Ní 2001, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé gbogbo rẹ̀: Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ló ní agbára lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ará Ìlàjẹ tí epo rọ̀bì bà lé lódò, kóòtù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ ni tirẹ̀. Eruku, òjé, oògùn oko tàbí omi ilé-iṣẹ́ tó dọ̀tí, kóòtù gíga ìpínlẹ̀ ni. Ti ilé epo máa ń lọ síbẹ̀ náà, àmọ́ kí lọ́yà yín ti múra sílẹ̀ fún àtakò lórí rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ni májèlé ti mú yín ńkọ́?

Ẹni tó ń fọ́ òkúta, tí eruku ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò pọn dandan kó kọ́kọ́ fi ẹ̀bi ẹnikẹ́ni hàn. Òfin 2010 lórí gbà-má-bínú àwọn òṣìṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ náà ló sì ń sanwó fún ẹni tó bá fara pa tàbí tó kó àìsàn níbi iṣẹ́. Gbèdéke rẹ̀ ló le: kí òṣìṣẹ́ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14 tó gbọ́ pé àìsàn iṣẹ́ ló ń ṣe òun, kó sì béèrè owó láàárín ọdún kan. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ tó bá di ẹjọ́, ti Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ ni.

Àkókò mélòó lẹ ní?

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin gbèdéke tirẹ̀, ọdún ni wọ́n sì fi ń kà á. Àmọ́ tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ ìjọba lẹ fẹ́ pè lórí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta péré ni. Tí ìpalára náà bá ṣì ń lọ, oṣù mẹ́ta náà á bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó bá dáwọ́ dúró. Àwọn àjọ kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìkìlọ̀ sí ní oṣù kan ṣáájú. Mi ò rò pé oṣù mẹ́ta yẹn bá ọgbọ́n mu fún àìsàn tó ń lúgọ fún ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bó ṣe wà nìyẹn.

Tí gbogbo àdúgbò bá fara gbá a?

Ẹ lè yan ènìyàn díẹ̀ láti dúró fún gbogbo yín nínú ẹjọ́ kan, bí ohun tí ẹ ń béèrè bá jọra. Láti 2018 tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dá ẹjọ́ Centre for Oil Pollution Watch àti NNPC, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká pàápàá lè pe ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé òun gan-an ló fara pa. Fún àwọn tí ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì kàn, ilé-iṣẹ́ máa ń sọ pé àwọn tó ń bẹ́ páìpù ló fà á, nítorí pé òfin páìpù kò ní kí wọ́n sanwó fún ohun tí ọ̀daràn mìíràn ṣe. Èyí ló fi yẹ kí aṣojú ìlú wà níbẹ̀, kó sì ka ìwé náà kó tó fọwọ́ sí i, nígbà tí NOSDRA, àjọ tó ń mójú tó ìtújáde epo, àti ilé-iṣẹ́ bá jọ wá wo ibi tó jò.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó. Ní Bodo, ìtújáde epo ti 2008 parí sí ìtùnbí-ìnùbí ní 2015: £55 mílíọ̀nù. £35 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ ni ènìyàn 15,600 pín, nǹkan bí £2,200 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyókù jẹ́ ti ìlú. Ní Abidjan, ní 2006, wọ́n da ìdọ̀tí inú ọkọ̀ ojú omi Probo Koala káàkiri ìlú. Trafigura gbà láti san £30 mílíọ̀nù fún nǹkan bí 30,000 ènìyàn ní 2009. Owó dé báǹkì, ẹgbẹ́ kan sì yọjú, ó ní òun ló ń ṣojú wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò rí tiwọn gbà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé aṣojú, ẹ béèrè àkáǹtì tí owó máa wọ̀ àti àwọn tó máa fọwọ́ sí i kó tó jáde.

Kí lẹ máa ṣe lọ́jọ́ tí omi bá yí padà?

Ẹ dáwọ́ lílo omi náà dúró. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ sọ fún dókítà pé kànga ń rùn, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí onílé epo àti NMDPRA. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, NESREA, àjọ tó ń mójú tó àyíká, ni, tó bá jẹ́ oúnjẹ tàbí oògùn, NAFDAC. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tó kù sọ́wọ́ yín. Ẹjọ́ ẹnu níwájú baálé dára, ṣùgbọ́n kò ní òǹtẹ̀.

Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Owó tí ẹ ná gan-an, adájọ́ kì í fojú bù ú: owó oògùn, owó omi tí ẹ ń rà látìgbà náà, owó ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ tàbí Oǹdó fún ìtọ́jú, gbogbo rẹ̀ lẹ máa fi ìwé gbè lẹ́sẹ̀. Ìyá oníyán tó ní òun ń pa owó báyìí lójúmọ́ á sọ ọ́ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá ní ìwé kékeré tó ń kọ ọjà sí. Àwòrán àti fídíò orí fóònù wúlò, àmọ́ Òfin Ẹ̀rí, abala 84, ń béèrè ìwé ẹ̀rí tó ṣàlàyé ẹ̀rọ tó yà á àti bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má ta fóònù yẹn, ẹ má sì pa fídíò náà rẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́ sí lọ́yà.

Ní ti owó lọ́yà, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń gba ẹjọ́ àwọn tí agbára wọn kò ká a, ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́. Wọ́n á béèrè iye tó ń wọlé fún yín lóṣù kí wọ́n tó gbà á. Ẹ kó ìwé ilé ìwòsàn, àbájáde lábù àti ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí dání lọ.